Ẹ̀gún Àyà Àkànmú

Àlọ́ o! Àlọ́ mi rìn títí, ó wọ agbo ilé Ẹtu, ó bá ẹkún níbẹ̀.

Àkànmú, ọmọ Ẹtu, ló kú sójú ogun Ìkookò. Òòrẹ̀ tó jẹ́ Balógun ń gbọn ẹ̀gún ara rẹ̀, ó ń búra: "Bí n kò bá gbẹ̀san lára Ìkookò, kí ilẹ̀ ó mu mí! Lọ́la, àbúrò Àkànmú ni yóò ṣíwájú wa."

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ẹtu ti gbé kùmọ̀.

"Ẹ jẹ́ n wẹ òkú ọmọ mi ná."

"Ìyá Àkànmú, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ á tètè sin ín!" ni Òòrẹ̀ wí.

Ẹtu kò gbọ́, ó wọlé lọ wẹ òkú. Nígbà tó jáde, ó ń kọrin:

Kí ló gún ọmọ mi láyà?
— Ó dùn mí o!
Ìkookò kò lẹ́gùn-ún lára,
— Ó dùn mí o!
Ta ló fẹ̀yìn rìn lójú ìjà?
— Ó dùn mí o!

Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gún Òòrẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Balógun," àbúrò Àkànmú bi í, "ṣé ẹ̀yìn lẹ fi ń sá, tẹ́ ẹ fi gún ẹ̀gbọ́n mi?"

Òòrẹ̀ bá tún fẹ̀yìn rìn. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé Òòrẹ̀ lẹ́yìn mọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè sí ogun ẹ̀san, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́. Ibí ni àlọ́ mi sùn sí.