Ọjọ́ Tí Brandefors Gba Bàtà Rẹ̀

Kí ló dé tí ọkùnrin náà kò fi fẹjọ́ sùn? Odidi ọdún méje ni Heini fi wá ìdáhùn sí i.

Oṣù kẹrin ni, ní gbọ̀ngàn yìnyín àtijọ́ tó wà ní Tampere. Fínlándì àti Swídìn fẹ́ gbá họ́kì ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kì í ṣọ̀rẹ́ lórí yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí àwọn ará Swídìn fi ń pọ́n irin ìsàlẹ̀ bàtà wọn kọṣẹ́. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, onílé ló máa ń bá àlejò pọ́n bàtà. Bí wọ́n ṣe kó bàtà gbogbo ikọ̀ wá sí yàrá Heini nìyẹn.

Heini ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá Reino tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ló kọ́ ọ. Àwọn tó ń gbá họ́kì níbẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọbìnrin fọwọ́ kan bàtà wọn, àfi Taneli, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní bí kì í bá ṣe àbúrò òun, kí ẹnikẹ́ni má pọ́n tòun. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn yòókù gbà fún un.

Taneli ni gbogbo Fínlándì ń fojú sọ́nà fún nígbà náà. Nínú ìdíje àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, ní gbọ̀ngàn yìí kan náà, ó lé pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá, lọ sí igun pápá. Torkel Brandefors ti Swídìn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Taneli fi orí sọ pákó etí pápá, kò sì fẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ayàwòrán kan ṣoṣo ló dojú kọ ibẹ̀, ẹ̀yìn Brandefors nìkan ló sì rí. Adájọ́ eré ní Brandefors ló tì í, ó sì lé e jáde. Wọ́n fòfin dè é fún odidi ọdún kan, kò sì la ẹnu gbèjà ara rẹ̀. Ní Tampere, àwọn kan fi orúkọ rẹ̀ sọ ajá kí wọ́n lè máa rí i nà. Bàbá Reino nìkan ni kì í bá wọn bú u. Wọ́n ní arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Nígbà tí Heini rí orúkọ náà lára gìgísẹ̀ bàtà kan láàárín òkìtì bàtà, ó pe Taneli lórí fóònù.

"Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Taneli pa tẹlifíṣọ̀n tó ń wò.

"Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, Heini. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí yìnyín sá kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bó ṣe sá kúrò lábẹ́ tèmi."

Irin bàtà yìnyín ní ojú méjì, ti inú àti ti òde, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Wọ́n máa ń fi owó ẹyọ lé e. Bí owó bá tẹ́jú, ó dára. Bó bá dagun, ẹni tó wọ bàtà náà yóò ṣubú níbi tó bá ti fẹ́ yà. Láti ọdún tí Taneli ṣubú ni Bàbá Reino kì í ti jẹ́ kí bàtà kan jáde láìjẹ́ pé Heini fi owó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ pọ́n ojú kan ju èkejì lọ lára irin Brandefors, ẹ̀ẹ̀kan ló sì fi owó wò ó. Owó dagun ní ìwọ̀n irun orí kan. Ó nu irin náà, ó sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tó ku wákàtí kan kí eré bẹ̀rẹ̀, Brandefors fúnra rẹ̀ ló wá gba bàtà rẹ̀. Ó béèrè orúkọ ọmọ, Heini na bàtà rẹ̀ sí i. Ó yọ owó ẹyọ kan lápò, ó fi lé irin. Ó wo owó náà, ó wo Heini.

"Ẹ̀yin ni àbúrò Taneli."

"Èmi ni."

"Ó dagun díẹ̀," ni ó wí. "Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un pọ́n."

Heini retí kó pariwo, kó pe kóòṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ kan mi kẹ̀kẹ́ ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí Heini fi parí. Ó dúpẹ́. Ó ní báwo ni ara Taneli.

"Ó ṣì jókòó síbi tó o gbé e jókòó sí."

Ó mi orí, ó gbé bàtà rẹ̀, ó lọ.

Àwọn òǹwòran ń kọrin pé kí Brandefors lọ jẹ ẹran lílọ̀ róbótó, oúnjẹ ilẹ̀ Swídìn, tí ìyá rẹ̀ sè nílé. Òun ló gbá góòlù tí Swídìn fi borí, kò sì yọ̀. Nígbà tí Heini délé, Taneli kò yíjú sí i.

"O jẹ́ kó lọ."

"Ó fi owó wò ó."

"Ṣe ni kó o tún un bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Heini kò dárí ji ara rẹ̀ pé òun tún bàtà náà pọ́n. Lọ́dún tí Brandefors fẹ̀yìn tì, ó kọ lẹ́tà sí i pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má rí ìsinmi láyé. Kò rí èsì gbà.

Ọdún méje lẹ́yìn eré náà, nígbà tí wọ́n ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá Reino, ni opó rẹ̀ fa Heini sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó sì sọ fún un pé Brandefors kò fọwọ́ kan Taneli rárá lọ́jọ́ tó ṣubú, pé Brandefors àti Bàbá Reino ni wọ́n jọ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Taneli, tí wọ́n fi owó ẹyọ lé irin tòsì, tó sì dagun, àti pé ọmọ Swídìn náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, ló bẹ arúgbó pé kó má ṣe jẹ́ kí ọmọbìnrin tó pọ́n ọn mọ̀.