Máàpù tó wà lẹ́yìn Lẹ́tà

Ìwé wọ́n lójú ogun. Ẹ̀yìn lẹ́tà tí Sájẹ́ńtì Adégoróyè kọ sí ìyàwó rẹ̀ ló ya máàpù sí, láti fi sàmì bọ́ǹbù mẹ́sàn-án tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó gbàgbé, ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ogójì ọmọ ogun yóò gba ọ̀nà yẹn, kò sì rántí ibi tí bọ́ǹbù wà mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó gbọ́ ìró bàtà nínú òjò, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kan tọ bọ̀. Láṣebíkan ni, awakọ̀ tó kó lẹ́tà lọ níjẹta.

“Ọ̀gá, ẹ gba máàpù yín. Ṣé ìyàwó yín ló máa fi í jagun ni?”

“Láṣebíkan! O kó mi yọ!”

Lẹ́tà náà gbẹ táútáú. Sájẹ́ńtì ka àmì náà. Mẹ́jọ ni.

“Ó ku ọ̀kan. Mi ò sàmì sí i.”

“Ẹ̀gbẹ́ afárá ni, ọ̀gá. Ẹ má wulẹ̀ sàmì sí i mọ́. Kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Sájẹ́ńtì gbójú sókè láti bi í léèrè. Bàtà kan ṣoṣo ló dúró lẹ́nu àgọ́, èéfín ń rú nínú rẹ̀.