Ààwẹ̀ Ìyá Adúbí

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kan Ìyá Adúbí láti fi ara rẹ̀ mú ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbóná, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i. Nọ́ọ̀sì de okùn tó ń gbé ooru ara lọ sínú ibùsùn mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún gbogbo ẹbí, ṣùgbọ́n iná ibùsùn kàn ń ṣe bàìbàì.

"Màmá, kí lẹ jẹ lónìí?"

"Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi nìyí. Nítorí ọmọ yìí ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin mà ni ààrò rẹ̀, Màmá. Oúnjẹ ni igi, èémí lẹ fi ń fẹ́ ẹ, inú sẹ́ẹ̀lì ara yín ló ti ń jó. Ta ní ń dáná láìkó igi sí i?"

Ìyá Adúbí wo ọmọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tútù. Ló bá gba ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ń mí dáadáa. Nígbà tó yá, iná ibùsùn mọ́lẹ̀ rekete, ẹsẹ̀ ọmọ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Olúwa, má bínú, mo ti ṣínu," ni ìyá àgbà wí. Ó na abọ́ sí nọ́ọ̀sì. "Fi mọ́ínmọ́ín kan sí i. Àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."