Ilé Tó Bọ́ Sẹ́yìn Ààlà

Nígbà tí pásítọ̀ fi bírò yí ààlà páríìṣì, agbègbè ìjọ rẹ̀, padà lórí máàpù àdúgbò Tyrrelstown nílùú òyìnbó, ó fi ilé adènà tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ìjọ, níbi tí ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀, sẹ́yìn ìlà. Ọdún méjìdínlógún ni adènà fi yàn án lódì. Pásítọ̀ ń kú lọ, ó ránṣẹ́ pè é, kò lọ.

Ọkọ̀ tó gbé òkú pásítọ̀ ń kọjá lójúde báyìí. Adènà fa kọ́tìnì dí i.

"Bàbá Tèmi, ẹ jẹ́ ká lọ sìn wọ́n," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí n sin ọ̀dàlẹ̀?"

Obìnrin náà jókòó. "Nígbà tí ìjọ ń pàdé níbí, ogójì èèyàn ní pálọ̀ mi ní gbogbo Sọ́ńdè, èmi nìkan ló ń dáná, tó ń nulẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ẹkún mi, pásítọ̀ ló gbọ́. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ilé wa sẹ́yìn ààlà."