Àga Tó Ṣẹ́kù

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá ó lé ogún ni àga tí Fọláwẹ̀ fi ń háyà fún aláyẹyẹ. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan iye yẹn ni: pín in sí méjì, pín in sí méje, títí dé mẹ́wàá, ẹyọ kan kò ní ṣẹ́kù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú gbọ̀ngàn tuntun kan lẹ́yìn ìlú, òun àti Jìnádù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tò wọ́n ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Ọ̀kan ṣẹ́kù.

“Àbí o mú ti ẹlòmíràn mọ́ ọn?” Fọláwẹ̀ bi í.

“Rárá o, Ìyá Dáre. Àmì yín ló wà lára gbogbo wọn.”

Wọ́n tú u, wọ́n tún un tò ní méje méje. Ọ̀kan náà tún ṣẹ́kù lẹ́bàá ògiri. Kò sí atẹ́gùn, síbẹ̀ ó ń dún kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń yídìí lórí rẹ̀.

“Gbé e síta jàre!”

Jìnádù fà á. Àga oníke tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan gbé, kò mì.

Kí Fọláwẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ dìde fún wa.”

Àga náà fúyẹ́ lọ́wọ́ Jìnádù.