Àmì Tí Afẹ́fẹ́ Sún Sẹ́yìn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa fóònù yín dé. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ yòówù tó bá ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun yá ju ti ẹgbẹ́ òun lọ.

1.

Télọ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníke ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá. Orí fóònù ló ti wo eré náà. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọlé, Ìyá Oníke sì ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì léra.

"Ìyá, ẹ jókòó ná."

"Ṣé ìjókòó ló máa bá ẹ sọ ọ́ ni? Sọ̀rọ̀."

"Wọn ò gba ipò kankan. Ọ̀pá já bọ́. Akúrú ló bà á jẹ́."

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ọmọ Ìyá Oníke, tí wọ́n ń pè ní Afẹ́fẹ́, wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Òun àtàwọn mẹ́ta mìíràn ló jọ ń sá eré tí wọ́n ti máa ń gbé ọ̀pá fún ara wọn. Akúrú ni ẹnì kẹta, Afẹ́fẹ́ ló ń gbà á parí. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń dáná. Ilé ẹ̀kọ́ ti ní bí wọ́n bá gbégbá orókè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní sanwó ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ ní ìyá tó ń ta ike. Akúrú ò ní nǹkan kan àfi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Akúrú fúnra ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. Iṣan ẹsẹ̀ ló já."

2.

Bí wọ́n ṣe ń sá a rèé. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá á lẹ àmì funfun mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibi tó dúró sí. Bí ẹni tó ń gbé ọ̀pá bọ̀ bá ti tẹ àmì yẹn, ẹni iwájú á gbéra. Kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn mọ́. Á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn á ní "Gbà," á sì fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Ìfọkàntán lásán ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa parí eré náà, wọ́n ní àlejò kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ mú sárésáré kan ṣoṣo lọ sókè òkun. Ara Afẹ́fẹ́ ò balẹ̀ mọ́. Ó lọ síbí, ó lọ sọ́hùn-ún. Ó ní bí òun bá tètè gbéra, eré òun á ti gbóná kí ọ̀pá tó dé, àlejò á sì rí i pé afẹ́fẹ́ lòun lóòótọ́. Ló bá ṣí àmì kúrò níbi tí òun àti Akúrú jọ fẹsẹ̀ wọ̀n, ó sún un sẹ́yìn. Kò sọ fún Akúrú.

Akúrú tẹ àmì, Afẹ́fẹ́ gbéra. Akúrú sá, ó sá, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. "Dúró dè mí," ló ń ké. Afẹ́fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ojú àlejò ló ń rò. Akúrú fi gbogbo ara nà síwájú, iṣan itan rẹ̀ já, òun àti ọ̀pá jọ balẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi lọ́ra?" ni kóòṣì tó ń kọ́ wọn léré sísá bi í nílẹ̀ níbẹ̀.

Ìrora ò jẹ́ kí Akúrú dáhùn. Afẹ́fẹ́ náà dákẹ́. Kò sí ohun tó ń dun òun o.

3.

Afẹ́fẹ́ wálé fún ìsinmi, àmọ́ ilé ò gbà á. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún máa wá ìjókòó kiri.

Ọkọ̀ kó ẹrù wá lọ́jọ́ kan. Jíjù ni wọ́n ń ju ike: awakọ̀ á jù ú sí Ìyá Oníke, Ìyá Oníke á jù ú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ju bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, Afẹ́fẹ́ ti yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó balẹ̀, ó fọ́.

"Ṣé orí ẹ dà rú ni? Ẹni tó ń gba ẹrù ń kúrò lójú ẹrù? Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

Ọmọ bú sẹ́kún. "Mọ́mì, ohun tí mo ṣe fún Akúrú nìyẹn." Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Oníke dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ó jókòó lé e. "Akúrú mọ̀?"

"Ó rò pé òun ló lọ́ra."

"O já ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, o tún di ẹ̀bi rẹ̀ lé e lórí. Owó ọsibítù ńkọ́?"

"Ó yá a ni."

"Ìwọ lo jẹ gbèsè ẹ̀. Mi ò ní yọ owó ọjà mi san án. Èjìká ẹ lo máa fi san án. Àmọ́ kó o tó gbé ẹrù kankan, lọ sọ fún un."

4.

Ó lọ. Nígbà tí kóòṣì gbọ́, ó lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, àlejò sì ti mú ẹlòmíì lọ tipẹ́. Akúrú ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́nu géètì, ó ń tiro. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń bú ẹsẹ̀ mi," ló wí. "Máa lọ."

Afẹ́fẹ́ ń ru ẹrù, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Nígbàkigbà tó bá mówó wá, Akúrú á tẹjú mọ́ ọn, á kà á níṣojú rẹ̀, á ní kó máa lọ.

Ó ku ti ìkẹyìn. Afẹ́fẹ́ dé, Akúrú wò ó títí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́. Kò wẹ̀yìn.

Afẹ́fẹ́ fi owó náà lé e lọ́wọ́.

"Gbà."

Akúrú gbà á. Kò kà á.

Gbèsè tán, ẹsẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣọ́ra fún eré àsápajúdé. Ẹ má fi ẹni tó ń gbé tiyín bọ̀ sílẹ̀ nítorí ojú ẹni tí ò mọ orúkọ yín. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí.