Àwo Orin Tí Kò Gba Gẹ̀ẹ́sì

Orin mẹ́sàn-án ló yẹ kó wà nínú àwo àkọ́kọ́ tí Maricruz Treviño fẹ́ gbé jáde. Orin ijó ni wọ́n, ìlù rẹgetọ́ọ̀nù ń dún lábẹ́ wọn, èdè Sípéènì sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn. Wọ́n ti gba mẹ́jọ sílẹ̀. Ìkẹsàn-án ló dá ìjà sílẹ̀.

Sítúdíò náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ní San Antonio, ní Texas. Pruett, tí iléeṣẹ́ tó fẹ́ gbé àwo náà jáde rán wá gba iṣẹ́, ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù.

"Ègbè yẹn nìkan," ó wí. "Fi Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ìlà méjì péré. Ṣé ó máa pa ẹ́ ni?"

"Wọ́n fi ọṣẹ fọ ẹnu màmá mi nílé ìwé torí pé ó sọ Sípéènì, èdè ilé wọn," Maricruz dáhùn. "Wọ́n fi pátákó na àǹtí mi yìí. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì nínú àwo mi."

Àǹtí Eulalia ló ń tọ́ka sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Maricruz ni, òun ló sì kọ ọ̀rọ̀ gbogbo orin náà. Ibi tí ọmọ náà bá wà, ibẹ̀ lòun náà ń wà.

Fermín onílù gbé oúnjẹ tako wọlé. Monterrey, níbi tí wọ́n ti ń sọ Sípéènì, ló ti wá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ fìlà àna rẹ̀ níwájú àlùfáà. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Maricruz náà rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e.

"Ọmọ yìí kì í dá mi lóhùn," Fermín wí. "Àbí mo jọ olè ni?"

"Ohùn ẹ̀ ló ń tọ́jú," Àǹtí fèsì. "Ìwọ náà ì bá tọ́jú tìẹ, ká lè sinmi."

Pruett dìde. "Bí mi ò bá rí ègbè yẹn gbà, kò sí àwo nìyẹn. Iléeṣẹ́ á pa á tì."

"Ẹ pa á tì. Màá máa tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà níwájú ibẹ̀ yẹn," Maricruz fèsì.

Ó wọ yàrá orin, ó fi orí ṣàmì sí Fermín. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Àǹtí lọ dúró níwájú dígí yàrá náà bó ṣe máa ń ṣe, ètè rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ orin láìsí ohùn. Maricruz ò gbójú kúrò lára ètè náà títí orin fi parí. Ahọ́n rẹ̀ ń yí bí ahọ́n ẹni tí wọ́n bí sí Monterrey. Kò tàsé ibì kan.

Fermín fi apá nu ojú. "Ìyá mi ni mo rántí," ó wí. "Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun."

Maricruz wo Àǹtí ná, kó tó rọra mi orí bí ẹni tó gbà.

Láti àárín orin ni ẹsẹ̀ Pruett ti ń bá ìlù lọ. Ó rí i pé wọ́n rí i, ó dá ẹsẹ̀ dúró.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Màmá ẹ kọ́ ẹ ní èdè yẹn dáadáa."

Maricruz wo ilẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀, òun àti Àǹtí jáde.

Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó kọjú sí àǹtí rẹ̀, ó sì wí ní Gẹ̀ẹ́sì, èdè kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ jẹ́ kó gbọ́ láti kékeré: "Àǹtí, mo ti kọ orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán, ẹ wá sọ fún mi báyìí, kí ni mo sọ?"